Ìjókòó Ẹ̀yìn Nínú Mọ́tò Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Mọ́tò tí à ń fi kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ dàgbà ju àkọ́bí mi lọ, àkọ́bí mi sì ti di ìyá ọmọ. Wágọ̀n ni, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn bí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́jọ́. Ọwọ́ ọkùnrin kan tí kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra nígbà tó ń fún wa ní kọ́kọ́rọ́ ni ọkọ mi ti rà á. Ó yẹ kí ẹ̀rín yẹn ti yé wa.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ síbí náà kò sì gba ìwé púpọ̀: bí mo ṣe jókòó síwájú mọ́tò yẹn, tí mo jẹ́ kí ẹnìkejì mi nídìí òwò jókòó sẹ́yìn, tí mo sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn.

Láti ìgbà ọmọge wa ni èmi àti ẹnìkejì mi yìí ti jọ ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lábà, láti ẹ̀yìn Aládé wọ inú oko kòkó lọ. Àwọn àgbẹ̀ a máa gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó lè ṣíji bo kòkó kéékèèké. Kòkó ni wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀, àwa là ń ra ohun tó ń gba oòrùn fún un. Aládùúrà ni òun, mùsùlùmí ni mí. Ó ń pè mí ní Àlàájà Àìdé-Mẹ́kà. Èmi náà ń pè é ní Ìyá Àdúrà, torí kò sí ohun tí kì í gbàdúrà lé lórí, títí kan táyà. Ọkọ tirẹ̀ ti kú, nítorí náà ọkọ mi ló ń pè ní ọkọ wa. Á ní kí n má jowú, apá tó ń hanrun lára rẹ̀ ni òun fi sílẹ̀ fún mi.

Nígbà ọyẹ́ ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ ìwà tuntun. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, a máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bó bá ti rí òkè báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í já gìn-ìn, gìn-ìn, bí ọmọbìnrin tí wọ́n ń fà lápá lọ sílé ọkọ tí kò wù ú. Àwọn awakọ̀ a máa sọ pé ẹ́ńjìnnì ń mísì. Mo ní mọ́tò tó bá ń bẹ̀rù òkè, kí ló wá ṣe ní Ìdànrè? Bó bá sì já tán, sàléńsà á yìnbọn: gbàù! Lọ́jọ́ kan ní Odode, bàbá àgbàlagbà kan dojú bolẹ̀ tòun ti kọ́ọ̀bù ògì lọ́wọ́. Ó gbé orí sókè, ó rí wa, ó ní, "Ẹ̀yin olè ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí, ẹ ò ní fi mọ́tò yín pa mí!" Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Èéfín dúdú ń jáde nídìí mọ́tò, òórùn bẹntiróòlù gba gbogbo àdúgbò.

Bí a ṣe ń di ẹrù nìyí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ á kún ẹ̀yìn mọ́tò débi pé búùtù kò ní lè tì mọ́, a ó gbé ìlẹ̀kùn rẹ̀ sókè, a ó fi okùn so ó. Gbogbo ẹni tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fà lórí òkè, àwọn ọmọ ìta rí i pé èèyàn lè rìn bá a, kó sì fa odidi ìdì kan yọ. Wọ́n fa méjì lọ́jọ́ kan. Ni a bá fi àyè kékeré kan sílẹ̀ lẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́ ẹrù, kí ẹnì kan lè jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, kó máa na ọwọ́ olè. Èmi àti Ìyá Àdúrà là ń gbà á ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ìyá àgbà méjì tí wọ́n di sójà.

Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ìgbà mẹ́ta ni mo jókòó sẹ́yìn, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni orí ń fọ́ mi bí ẹni fi òòlù gbá a, ẹsẹ̀ mi rọ̀ bí ẹ̀kọ, inú ń rú mi. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí mi, kí n tó ra omi mu tán, ó ti lọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìjókòó yẹn ń ṣe mí ní nǹkan. Ní ọjọ́ kẹrin, mo di orúnkún mú, mo ní ó ń dùn mí, pé mi ò lè ká a mọ́ra lẹ́yìn.

Ìyá Àdúrà ní, "Orúnkún tó ò fi kúnlẹ̀ fún ọkọ wa rí, kí ló rẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀yìn dára jù fún ẹ," mo dá a lóhùn. "Kò sí eruku níbẹ̀."

Òótọ́ ni ìyẹn. Gíláàsì ọ̀dọ̀ ọkọ mi tó ń wakọ̀ ti bàjẹ́, kì í gòkè, gbogbo eruku ọ̀nà abà ni àwa tí a wà níwájú ń jẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn, Ìyá Àdúrà ti fi ọ̀rá tapólì bo ẹrù, ó fa etí rẹ̀ bo ara rẹ̀, ó ká gbogbo gíláàsì sókè. Ó jókòó sínú rẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní Ọlọ́run á fún mi ní orúnkún mìíràn.

Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ń sùn. Kí a tó kúrò lábà dé títì ọ̀dà, ó ti sùn. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó ń lo oògùn orí fífọ́. Ó ní bóyá ààwẹ̀ ló ń mú òun. Mo sọ fún un pé ọ̀run tó ń wá nínú ààwẹ̀, ó ti ń yà síbẹ̀ lójú oorun, kó ṣáà máa bá wa na olè kó tó dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mọ́tò kú sórí òkè lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó délé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọjà ọjọ́ kejì ti wà nílẹ̀, Àkúrẹ́ ni a ń kó o lọ. Ọkọ mi gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan lábẹ́ igi máńgòrò, ní ìpẹ̀kun Odode, níbi tí òjìji àpáta ti máa ń bo ilẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ó fi mí tì í, ó lọ kírun Jímọ̀.

Etí bàbá yìí kan ti di. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó ní, "Tan mọ́tò."

"Bàbá, mi ò mọ mọ́tò wà."

"Ta ló ní kóo wà á? Yí kọ́kọ́rọ́."

Mo yí i. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu sàléńsà, ó dijú. Ó ní, "Ó yẹ kí ó máa lu ọwọ́ mi ní déédéé, bí ẹni gún iyán. Ó ń gún mẹ́ta, ó ń fo ẹ̀kẹrin."

Ó wá síwájú, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi àkísà gbígbẹ mú wáyà pílọ́ọ̀gì, ó ń fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ó fa ti àkọ́kọ́, mọ́tò ta gẹ́gẹ́ẹ́gẹ́, ó dá a padà. Ó fa èkejì, ó tún ta gẹ́gẹ́ẹ́gẹ́. Ó fa ẹ̀kẹta, ohùn mọ́tò kò yí padà rárá.

"Òkú nìyí," ó ní. "Ẹni tó jáde nílé tí ilé ò mọ̀ pé ó jáde."

"Bàbá, ẹ fi àna mi sílẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Bóyá etí tó di ni mo sọ ọ́ sí. Ó tú pílọ́ọ̀gì ọ̀hún, ó dúdú kirikiri, epo tutù lára rẹ̀. Wáyà rẹ̀ ti là. Ó fi tuntun sí méjèèjì. Ó tún yí kabúrétọ̀ díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè máa mu epo dáadáa lórí òkè. Lẹ́yìn èyí, ohùn mọ́tò dùn, ó ń kùn bí ológbò. Mo ti fẹ́ máa ki bàbá nígbà tó ju àkísà tútù sí mi.

"Fi dí ẹnu sàléńsà. Má fọwọ́ kan irin o, yóò bó ẹ."

Mo dí i. Mo dúró, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

"O rí i?" ó ní. "Bí páìpù yẹn bá dára, ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì ti kú, torí o ti dí i nímú. Kò kú. Ó ti rí ibòmíràn mí sí. Gbọ́."

Mo tẹ̀ bá ilẹ̀. Lóòótọ́, fíìì, fíìì, bí ejò tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, lábẹ́ ikùn mọ́tò. Bàbá wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gbé rọ́bà ilẹ̀ mọ́tò sókè. Ìpẹtà ti jẹ irin ilẹ̀ náà, ihò kan wà níbẹ̀ tó tó ṣíbí ìjẹun. Mo rí erùpẹ̀ ilẹ̀ láti inú rẹ̀.

"Níbi tí páìpù ti so pọ̀ ló ti já, abẹ́ ihò yìí gan-an ni. Ta ló ń jókòó síbí?"

"Ẹnìkejì mi."

"Ó máa ń sùn?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. "Bàbá, ta ló sọ fún yín?"

"Kì í ṣe oorun," ó ní. "Èéfín ni. Wẹ́dà tó lè jó irin náà pọ̀ lọ sìnkú ní ìlú ìyàwó rẹ̀, ó di ọjọ́ Ajé kó tó dé. Títí dìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó síbí. Ẹ sì ti búùtù yín. Búùtù tó ṣí sílẹ̀ a máa fa èéfín wọlé bí ẹni ń mu ọsàn. Sọ fún ọkọ rẹ."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Etí méjèèjì tèmi là ju tirẹ̀ lọ.

Kí ni mo wá rò? Mo rò pé, èéfín? Èmi tí mo ti ń fi igi tútù dáná láti kékeré? Èmi tí mo ti fi ojú pípọ́n se oúnjẹ ìkómọ ọmọ mélòó kan? Èéfín tí kò ta ènìyàn lójú, tí kò mú ènìyàn wúkọ́, kí ló lè ṣe? Èéfín dúdú ìdí mọ́tò ti lọ, òórùn bẹntiróòlù ti lọ. Mo tún rò pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa ti ń pọ́n nílẹ̀, bó bá di ọjọ́ Ajé, ewúrẹ́ ni yóò rà á. Mo sì mọ ọkọ mi. Olójora ni. Bó bá gbọ́ pé bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbì kan, òun fúnra rẹ̀ kò ní jókòó sínú mọ́tò náà mọ́. Bí a bá sì ti búùtù, ìdajì ẹrù ló máa kù nílẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Bí mo bá ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó sẹ́yìn, Ìyá Àdúrà á bi mí léèrè ìgbà tí mo ti mọ̀.

Ọkọ mi dé láti mọ́ṣáláṣí. Ó ní, "Kí ni Bàbá wí?"

Mo ní, "Ó ti tán. Ó kù kí wọ́n jó sàléńsà lọ́jọ́ Ajé. Ariwo lásán ni."

Láàárọ̀ Sátidé, a di ẹrù. Mo ká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ní ìlọ́po mẹ́rin, mo fi bo ihò yẹn, mo da rọ́bà padà lé e. Gbogbo àánú tí mo ní nìyẹn. Ìyá Àdúrà dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó fi ìborùn funfun wé orí nítorí ọyẹ́.

"Àlàájà, orúnkún ńkọ́?"

Ó dúró, ó ń wo ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi.

"Ó ṣì ń dùn mí," mo ní.

"Jókòó síwájú, jàre. Máa jẹ eruku lọ." Ó wọlé, ó fa tapólì bo ara rẹ̀.

Mọ́tò sáré lọ́jọ́ náà! Òkè tí a ti ń bẹ̀ ẹ́ lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó gùn ún bí ẹni gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀. Ọkọ mi ń fi ọwọ́ lu sítíárì, ó ń yin bàbá mẹkáníìkì. Mo ń gbọ́ ohùn Ìyá Àdúrà lẹ́yìn, ó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Kí a tó kọjá Aládé, ó ti ń kọ ìlà kan náà léraléra. Lẹ́yìn náà kò kọ mọ́.

Ọkọ mi ní, "Jí i, kó máa wo ẹrù."

"Fi í sílẹ̀," mo ní. "Olè wo ló máa sáré bá mọ́tò yìí lónìí? Jẹ́ kó sùn."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti rò ó bóyá ọkọ mi ni, ṣùgbọ́n èmi ni.

Nígbà tí a dé ọjà ní Àkúrẹ́, àwọn alábàárù tú okùn, wọ́n ká tapólì. Ọ̀kan nínú wọn pariwo. Mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu, mo ti fẹ́ sọ pé ẹ jí ìyàwó tuntun dìde. Ó fi orí ti ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ètè rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó jẹ epo pupa. Ó ti bì sára ìborùn funfun. Ọ̀pá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Mo gbá a lójú, mo da omi sí i lórí, mo ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an, orúkọ tí mi ò pè láti ọjọ́ tó bí àkọ́bí rẹ̀. Ó ń mí, ṣùgbọ́n ó ń mí bí ẹni tí kò bìkítà bóyá òun mí tàbí òun ò mí.

Ní ọsibítù, dókítà ọ̀dọ́bìnrin kan bi wá pé kí ló jẹ. Mo ní ó ń gbààwẹ̀. Ó béèrè bóyá ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi omi sí i lára. Ọkọ mi dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń wo ilẹ̀. Ẹnu mi yìí tó ń sọ̀rọ̀ sí ọba àti ìjòyè, ó di ẹnu ẹja. Wọ́n pe dókítà kúrò, ó lọ, ó padà, àwa ṣì dúró níbẹ̀. Ìgbà tó wá béèrè pé, "Ìyá, níbo lẹ ti bá a? Kí ló wà ní àyíká rẹ̀?" ni mo tó sọ ọ́. Sàléńsà já. Ihò wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Mẹkáníìkì sọ fún mi lánàá.

Dókítà kò bú mi. Ó sáré. Wọ́n gbé afẹ́fẹ́ inú irin wá, wọ́n fi dé e nímú. Ọkọ mi yí ojú sí mi. Títí di òní, kò tí ì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Wẹ́dà dé lọ́jọ́ Ajé. Kí ènìyàn tó jẹ àwo ẹ̀bà kan tán, ó ti jó páìpù náà, ó sì ti lẹ irin mọ́ ihò. Mo dúró tì í, mo ń rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ka owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ìyá Àdúrà kò kú. Ó padà sílé, ó ń rìn, ó ń jẹun, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pè mí, mo lọ, mo sì jó. Nígbà tó padà sọ́jà ni a tó mọ̀. Ènìyàn á bi í léèrè iye tó ń ta ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀, á yí ojú sí mi. Iye tí ẹni náà bá pè ló máa gbà. Ó máa ń gbàgbé bóyá òun ti jẹun. Ó rántí gbogbo ohun tí a ṣe nígbà ọmọge, ó rántí ọkùnrin tí a jọ dù, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá kì í dúró. Èmi ni mo ń jókòó tì í báyìí, tí mo ń bá a ná ọjà.

Mo jẹ́wọ́ fún un. Mo lọ bá a nílé, mo kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì. Mo sọ gbogbo rẹ̀, orí fífọ́ tèmi, ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì, irọ́ tí mo pa. Ó sunkún díẹ̀, ó fà mí dìde. Ó ní, "Àlàájà Àìdé-Mẹ́kà, o fẹ́ pa mí nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n!" Ó ní òun ti dárí jì mí. Ara mi fúyẹ́ títí mo fi délé.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó fi ìgúnpá tọ́ mi. "Àlàájà, kí ló ṣe mí gan-an? Wọ́n ní mo dákú."

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń dán mi wò ni. Mo wo ojú rẹ̀. Kò sí ìdánwò kankan níbẹ̀. Mo tún sọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn kò dárí jì mí. Ó dìde, ó ṣépè fún mi lójú gbogbo ọjà, ó ní ọmọ mi ò ní sin mí. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó padà wá, ó ní kí n bu omi fún òun, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó kàn ń sọ pé, "O mọ̀? O mọ̀?" títí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi wá mú un lọ sílé. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìdáhùn rẹ̀, mi ò lè sọ. Mo sì rí i pé mo ń fi bí mo ṣe ń jẹ́wọ́ yìí dá a lóró, torí tuntun ni nígbà gbogbo fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún bi mí. Ọkọ mi wà nítòsí, ó ń di ẹrù sínú mọ́tò, ìdajì ẹrù àtẹ̀yìnwá, torí kì í gbà mọ́ kí búùtù ṣí sílẹ̀.

"Mọ́tò ló bàjẹ́," mo ní. "Èéfín wọlé sí ẹ lára. A gbé ẹ lọ sí ọsibítù."

"Ìwọ lo gbé mi lọ?"

"Èmi àti ọkọ wa."

Ó di ọwọ́ mi mú. Ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún mi, àdúrà gígùn, títí kan orúnkún mi. Ó já ọwọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lára ẹrù tirẹ̀, èyí tó dára jù, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Mo gbà á, mo fi í sínú apẹ̀rẹ̀ mi. Ọkọ mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó pa búùtù dé, ó tì í, ó lọ jókòó sídìí sítíárì, ó ń dúró dè wá.